Òpó Méjìlá Tí Mo Tọ́jú fún Ọmọ Yunifásítì

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó máa ń jókòó sí èbúté fi irọ́ kún òótọ́. Èmi ni mo wa ọkọ̀, èmi ni mo di òpó mú nígbà tí a ń gbá a wọlẹ̀, èmi náà sì ni mo ṣe àṣìṣe tí mò ń bọ̀ wá sọ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó kó sínú ọkọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ yunifásítì kan níṣẹ́ rí, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi jiyàn rẹ̀.

Nígbà náà, orúkọ mi ń dún ní èbúté Igbókòdá. Bí omi bá ń ru, èmi ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja máa ń dúró dè, nítorí pé ọkọ̀ mi kò dojú dé rí. Ó kàn mu omi kún lẹ́ẹ̀mejì ni, ìyẹn ò sì tó ohun tí à ń kà. Mo rántí àárọ̀ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ dé. Ó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ní òpó igi méjìlá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀ èbúté, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ti dùn sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ etí òkun yìí tó yín.”

“Wọn ò parọ́ fún ẹ,” ni mo dá a lóhùn.

Ó ń kàwé láti di ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, fún un ni pé kí ó wọn bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ abúlé wa. A ó ri òpó méjìlá mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, oṣooṣù ni yóò sì máa wá fi okùn wọn ọ̀nà tó wà láti ìdí òpó kọ̀ọ̀kan dé etí omi. Bí ọ̀nà bá kúrú sí i, òkun ti jẹ ilẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo fi ọkọ̀ gbé e dé ilé wa, tó ń ṣàlàyé rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Àbúrò, ṣé ọdún mẹ́rin lo fẹ́ fi kàwé kí o tó mọ̀ pé òkun ń bọ̀? Bi ìyá mi léèrè, á sọ fún ẹ kí púpurù tó wà lórí iná yìí tó jinná.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá mọ̀ pé ó ń bọ̀. Èmi fẹ́ mọ bó ṣe ń yára tó.” Ìyá mi tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà kàn mi orí, ó ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ìbéèrè tó ń béèrè yẹn, òun náà fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀.

Bí ó ṣe di ẹni ilé wa nìyẹn. Ó ń jẹun pẹ̀lú wa, ó ń bá ìyàwó mi yan edé, ó sì máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀. Ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé bí ó bá gba oyè tán, ó tún fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní ìlú òyìnbó. Mo bi í pé irú ìyà wo nìyẹn. Níbi iṣẹ́ ẹja tiwa, ẹni tó bá ti ṣe fírídọ̀mù kì í tún lọ gbé apẹ̀rẹ̀ fún ọ̀gá mìíràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹja nínú odò, tó wá fẹ́ máa pẹja lójú òkun ńkọ́? Ṣé kò ní wá ọ̀gá tuntun?” Mo bá fi kún eré ẹ́ńjìnnì. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ pè wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún àyè yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò sì mú. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Bí ó bá ti fẹ́ máa lọ lóṣooṣù, ó máa ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú àwọn òpó mi o.” Ṣé èmi ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Mo lé ọmọdé kúrò nídìí wọn, mo lé ẹni tó fẹ́ sá àwọ̀n lé wọn. Mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí ìjọba fi joyè.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa o. Létí òkun tiwa, ilé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí omi bá ti dé ìdí ilé, a ó tú pákó, a ó fa òpó tu, a ó gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, a ó sì tún un rì. Bí omi bá fẹ́ gbé òpó ẹni tí kò sí nílé, aládùúgbò kò ní dúró béèrè. Yóò kọ́kọ́ fà á tu ná. Ẹni tó bá wòran, ojú ìkà ni a ó máa fi wò ó.

Ó wá di oṣù kan tí òkun bínú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìdílé bíi mélòó kan tú ilé wọn sẹ́yìn, tèmi náà wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe wàhálà yẹn ni mo ṣíjú wo ọ̀hún, mo rí i pé omi ti ń fọ ìdí òpó mẹ́ta lára òpó àbúrò mi. Mo sáré lọ. Mo fa àkọ́kọ́ tu, mo fa ìkejì, ìdí rẹ̀ kán sínú ẹrẹ̀, mo fa ìkẹta. Mo ka ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, mo rì wọ́n gbọn-in gbọn-in, ó gún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún wá ọ̀dà pupa kun orí wọn. N kò sọ fún un lórí fóònù. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó wá yìn mí.

Nígbà tó dé, èmi wà nídìí ẹ́ńjìnnì tí iyọ̀ ti fẹ́ẹ̀ jẹ tán, òun nìkan ló lọ wọn àwọn òpó rẹ̀. Àwọn ilé tó wà nítòsí òpó mẹ́ta yẹn náà ti sún sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá jọra bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó padà dé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn òpó yẹn dúró dáadáa o. Ẹ ṣeun gan-an ni.” Mo gba ọpẹ́ mi. Mo rò pé ó ti mọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo ń gbé e lọ sí Igbókòdá. Ó ku ọjọ́ méjì kí ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, pé bí ó bá yé èmi, á yé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní nídìí òpó mẹ́sàn-án, òkun jẹ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nídìí mẹ́ta tó kù, òkun dá ilẹ̀ padà.

Mo dín eré kù. “Òkun dá ilẹ̀ padà? Ta ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ohun tó mú iṣẹ́ mi yàtọ̀ sí ti àwọn méjì tó kù nìyẹn. Ọ̀gá mi ní òun ni kí n fi ṣáájú.”

Mo lè dákẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ń fì lórí omi.

“Àbúrò, òkun ò dá nǹkan kan padà. Èmi ni mo fà wọ́n tu.”

“Ẹ fà wọ́n tu?”

“Omi fẹ́ gbé wọn lọ. Mo gbà wọ́n là ni.”

Ó wò mí. Ẹ̀rín mú un, ẹkún sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá jẹ́ kó gbé wọn lọ. Kó gbé wọn lọ gan-an ni mo ṣe rì wọ́n.”

A ò lọ sí Igbókòdá mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo yí ọkọ̀ padà. Apẹja kì í kọ ibi tó dẹ ìgèrè rẹ̀ sí sínú ìwé, ojú ló fi ń mú un. N ó mú orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bá igi àgbọn kan dọ́gba ní apá kan, n ó mú táńkì omi ilé ìwé bá ilé kan dọ́gba ní apá kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ìgèrè mi wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ri òpó, ojú mi ti mú gbogbo wọn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mo rò ó. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, mo dúró lójú omi, mo ní, “Òpó kìn-ín-ní nìyí.” Kò gbà mí gbọ́ tán. A sún sí ìkejì, mo ti ọ̀pá ìtukọ̀ bọ omi, ó kan igi gbọ̀ọ̀. Ìdí òpó tó kán ni. Ó pariwo bí ẹni tó pa ẹja ńlá. Ìkẹta ni n kò rí mú, nítorí ilé ìyá kan tó ń yan edé ni mo fi mú un, ìyá náà sì ti tú ilé rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ fi ẹnu wá ibì kan fún un. Ó ní rárá, pé òun yóò kọ ọ́ pé àwọn kò mọ̀.

Nígbà tí a tún forí lé Igbókòdá, mo bẹ̀ ẹ́. “Má sọ pé èmi ni o. Sọ pé ewúrẹ́ ló fà wọ́n tu.”

“Ewúrẹ́ wo ló ń fi ọ̀dà kun òpó, Ẹ̀gbọ́n?”

Ìyàwó mi gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́, ó rẹ́rìn-ín dùbúlẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ẹni tó ń kọ́ ọmọ yunifásítì níṣẹ́!”

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ò mú àbúrò mi. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni oúnjẹ ò fi wọlé fún mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kò gbàgbé ọ̀rọ̀ bí apẹja ṣe ń fi ojú mú ibi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó kọ̀wé sí i pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi ohun tó wà lójú àwọn apẹja wá ibi tí ilẹ̀ àtijọ́ wà. Bó ṣe rí ọ̀gá kejì rẹ̀ nìyẹn.

Ó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀ báyìí, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fi ọ̀rá wé e. Àwọn ìbejì mi ti ka ojú ewé ìdúpẹ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ mi wà níbẹ̀ gedegbe. Ó ní bí ọmọ kan bá ti fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, òun yóò ní kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń wakọ̀. Mo ti gbé irú wọn méjì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n pè mí ní Bàbá. Ẹ̀gbọ́n tí àbúrò mi ń pè mí ló ń wù mí gbọ́.

Nígbà míì mo máa ń wakọ̀ lọ síbẹ̀, n ó pa ẹ́ńjìnnì, n ó fẹ́ fi ojú mú ibi tí a ti ṣiṣẹ́. N kò rí ohun tí n ó fi mú un mọ́, òkun ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Òpó, méjìlá. Igi àgbọn, ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan. Táńkì omi ilé ìwé, ọ̀kan. Ilé tèmi, méjì. Ibojì, ọ̀kan, ti ìyá mi.