Bí Mo Ṣe Lọ Ṣe Amí Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Etí Odò

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò yìí o! Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, n ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọ̀nà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dáadáa kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri Kétu bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni Làmídì, olórí àwọn tó ń já tòmátì sílẹ̀ nínú tírélà ní Mile 12. Prámárì fáìfù ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, n ò fi bò. Àmọ́ ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan síwájú mi, ẹ má ṣí i o! Màá sọ iye ọjọ́ tó lò lójú ọ̀nà fún yín. Màá sọ bóyá òjò pa á kó tó dé Jẹ́bà tàbí lẹ́yìn tó kọjá Jẹ́bà. Àwọn Alhaji ńláńlá máa ń ránṣẹ́ pè mí wá wò ó kí wọ́n tó ra ọjà. Ta ló tún lójú jù mí lọ ní gbogbo Kòsọ́fẹ́?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Lásìkò tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Ìkòsì tí gbogbo àwa ará ọjà sọ di tiwa. Ọmọ ọjà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Tí wọ́n bá ti ní máàṣì, a máa ń pa apẹ̀rẹ̀ tì ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, gbogbo iléèwé tí wọ́n pàdé ni wọ́n nà, wọ́n sì dé sẹmi-fáínà ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó bá já, ó já nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé, ó di fáínà!

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Tíṣà, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ọmọ. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní iléèwé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dé sẹmi-fáínà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ń já níbẹ̀. Táàmù yẹn náà ló máa fẹ̀yìn tì. Tí kò bá rí fáínà lọ́dún yẹn, kò tún rí i mọ́ láéláé. Ṣó yé yín?

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde àwọn tá a máa bá gbá, bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Ràṣákì, fọganáísà tó ń lẹ táyà, kún fọ́fọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ràṣákì, ẹ̀rù sì tètè máa ń bà á. Ló bá ní òun gbọ́ pé Ajégúnlẹ̀ ni iléèwé ọ̀hún ti ń bọ̀.

A gbọ́wọ́ lérí! Ajégúnlẹ̀? Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Àpápà, tó jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ gan-an ń gbá bọ́ọ̀lù? Ràṣákì ní ó ti parí, ká kúkú máa bá tòmátì wa lọ.

Ìyá Sikírù ló gbà wá sílẹ̀. Ata rodo ló ń tà ní àpò àpò, àmọ́ obìnrin yẹn mọ bọ́ọ̀lù ju ọkùnrin mẹ́wàá lọ. Ó ní, "Ojo ni gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ajégúnlẹ̀ tiwa níbí ni, ti etí odò, lẹ́yìn Òwódé Onírin!"

Háà! Ẹ̀rín wá sọ! Níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí aládùúgbò nígbà òjò? Ṣé iléèwé tiẹ̀ wà níbẹ̀ ni?

Àṣé ó wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n nínú wa, ẹnu wa ò sì dúró. Ẹnì kan ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ ìdíje nìyí. Òmíì ní wọ́n ti gbá mẹ́rin wọlé àwọn ará Mende. Mẹ́rin kẹ̀! Òmíì ní gólíkípà wọn ga tó òpó iná, Ràṣákì sì ní òun gbọ́ pé ìyá kan ń se ẹja kan báyìí fún wọn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ rí bó ṣe máa ń rí? Ohun tójú ò bá tíì rí, ẹnu ní í máa bá a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n wà kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n a mọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní London jù wọ́n lọ!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà fúnra wọn wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní alágbára kì í ba àwọn lẹ́rù, ẹni táwọn ò mọ̀ ló ń ba àwọn lẹ́rù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè bá àwọn lọ wo àwọn ọmọ yìí níbi tí wọ́n ti ń ṣe tíréénì ni? Àwọn ò lè lọ fúnra àwọn, torí wọ́n á dá àwọn mọ̀.

Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi dìde. Mo ní, "Tíṣà, ẹ lọ sùn. Èmi tí mò ń wo tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rán lẹ́nu pa, ṣé èèyàn tó dúró lóòró ni n ò ní lè wò?"

Ìyá Sikírù ní, "Làmídì, tòmátì kì í sáré o!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ bàtà aláwọ mi, èyí tí mo rà fún Iléyá, mo gun ọ̀kadà, ó di etí odò. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Pákó ni wọ́n tò láti ojúlé dé ojúlé, orí ẹ̀ làwọn èèyàn ń rìn. Ẹnì kan juwe pápá iléèwé náà fún mi, mo dúró lórí pákó kan, mo nawọ́ bojú, mo wò ó.

Omi ni! Omi ti bo gbogbo pápá. Níbì kan, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Níbòmíì, ó gun ojúgun. Inú ẹ̀ gan-an làwọn ọmọ náà wà, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù!

Ó yà mí lẹ́nu, kí n má purọ́. N ò rí irú ẹ̀ rí. Tí wọ́n bá fẹ́ sáré, wọ́n á kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ kan yọ, á dún pọ̀ọ̀, wọ́n á tún fa ìkejì yọ. Bí pẹ́pẹ́yẹ! Wọn kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ rárá. Láti orí ẹsẹ̀ ẹnì kan, ó di orí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, ó di orí orúnkún, torí tó bá ti kan omi, ó ti dúró síbẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé wọ́n ń fi ṣeré ni. Gólíkípà tí wọ́n ní ó ga tó òpó iná, kúkurú bí ìgò ni.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Mo kí wọn, wọ́n bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá wá apẹ̀rẹ̀ rà. Bàbá wo bàtà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ìwọ oníapẹ̀rẹ̀, dúró díẹ̀ sí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gòkè lọ síbi táwọn oníyanrìn ń kó yanrìn sí. Ibẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ ni kó o ti wò wọ́n."

Mo wo aago mi. Tírélà méjì ń bọ̀ láti Kánò, èmi sì ni olórí. Tí n ò bá sí níbẹ̀, ta ló máa pín iṣẹ́? Kí n kúkú sọ gbogbo ẹ̀: omi ti ń wọ bàtà mi pẹ̀lú. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo ti rí wọn tó."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi, kẹ́ ẹ má pè mí ní òmùgọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, tòmátì tí òjò bá pa lójú ọ̀nà, tó bá dé láàárọ̀, ojú ẹ̀ á máa dán gbinrin. Ẹni tí kò mọ̀ á sáré rà á. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ̀, ìdí apẹ̀rẹ̀ á ti máa kán. Gbogbo Mile 12 ló mọ̀ ọ́n: ohun tó bá ti mu omi ò lè rí ọ̀sán. Mo wo àwọn ọmọ yẹn, mo ní, àwọn wọ̀nyí ti mu omi.

Bí mo ṣe wí nígbà tí mo padà dé orí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Mo dìde, mo fi ìrìn wọn hàn, mo ń gbẹ́sẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ràṣákì rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí táyà tó jókòó lé. Mo ní wọ́n lè gbìyànjú ní abala àkọ́kọ́, tó bá di abala kejì, tí oòrùn bá pa wọ́n, wọ́n á rọ̀. Gbogbo wọn ń mirí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára torí ọ̀rọ̀ ọjà ni! Kódà Ìyá Sikírù ní ká má wulẹ̀ fìyà jẹ ara wa, ká dúró dè wọ́n kí wọ́n rọ̀.

Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Làmídì, nínú omi lo ti rí wọn. Ṣé o rí wọn lórí ilẹ̀ gbígbẹ?"

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú gbogbo bẹ́ǹṣì wà lára mi. Ìyá Sikírù ti tẹ́ etí. Ṣé kí n wá ní rárá? Èmi Làmídì? Èmi táwọn Alhaji ń ránṣẹ́ pè?

Mo ní, "Mo rí wọn, Tíṣà. Bákan náà ni."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan.

Ní Sátidé, a kó sínú lọ́rì, ó di pápá kan ní Gbàgádà tí wọ́n ti fẹ́ gbá a. Oòrùn mú, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ohun tí mo sọ ni Tíṣà fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ní káwọn ọmọ wa rọra máa gbá a, kí wọ́n má sáré. Àwọn méjì tí ẹsẹ̀ wọn yá jù, Wàsíù àti Sunday, wọ́n fi wọ́n jókòó, pé ó di abala kejì, táwọn ọ̀hún bá ti rọ̀.

Abala àkọ́kọ́ parí, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Àwọn ọmọ etí odò ń wo ilẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni tó ń dán bàtà tuntun wò. Àwa ń pariwo, "Wọ́n ti ń rọ̀! Wọ́n ti ń rọ̀!" Ràṣákì gbá mi lẹ́yìn, ó ní aríran ni mí.

Abala kejì bẹ̀rẹ̀. Wàsíù àti Sunday wọ pápá, ara wọn ò tíì gbóná tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Ẹsẹ̀ tó ti ń fa ara ẹ̀ yọ nínú omi lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ó fò ni! Ilẹ̀ yẹn ti mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó parí fún wa. Bọ́ọ̀lù ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí òmíì, kò balẹ̀, àwọn ọmọ wa kàn ń gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo ẹyẹ. Ọ̀kan wọlé. A ò tíì pa ẹnu dé, ìkejì wọlé.

Ìyá Sikírù yíjú sí mi, ó ní, "Làmídì, tòmátì ẹ mà ti ń sáré o!"

Nígbà tí ìkẹta wọlé, òun gan-an ò lè ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Kò sẹ́ni tó kọrin nínú lọ́rì nígbà tá à ń bọ̀. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ ní Kétu, èmi náà sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé wọn. N kì í bẹ èèyàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, n ò rí wọn lórí ilẹ̀ gbígbẹ."

Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀, látìgbà tí abala kejì ti bẹ̀rẹ̀. Dìde. Ká ní o sọ pé o ò rí wọn ni, Wàsíù àti Sunday ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀. Bóyá wọ́n ì bá ṣì nà wá. Àmọ́ à bá ti gbá bọ́ọ̀lù."

Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n lọ. Nígbà tí táàmù parí, wọ́n kó ẹrù wọn padà sí ìlú wọn, n ò sì tíì rí wọn títí dòní.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́: ojú mi ò purọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ló purọ́ mọ́ ojú mi. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ wo nǹkan, ibi tójú ẹ̀ mọ ló yẹ kó sọ. "N ò rí i" kì í pa èèyàn. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹnì kankan nínú yín rí, pé ẹ ní ẹ rí ohun tẹ́ ò rí, torí kójú má baà tì yín? Ẹ sọ tiyín fún wa o, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé èmi nìkan ni!

Àwọn tó sì ń bi mí pé kí ló tiẹ̀ sọnù gan-an nítorí irọ́ yẹn, mo ti kà á: góòlù mẹ́ta, fáínà kan, àti ọdún méjìdínlógún Tíṣà.