Bí Mísbáù Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Ní Ìṣirò

Tí ẹ bá dé Madina tó wà ní Ghana, tí ẹ béèrè Mísbáù alága, wọn á mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àga tó ti gbó ni iṣẹ́ rẹ̀: á bọ́ aṣọ ara àga náà dànù, á kó fóòmù tuntun sí i, á fi aṣọ mìíràn bò ó. Ghana ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Ìníṣà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Yorùbá ló máa ń sọ nílé. Mutmainah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, a gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíwì, èdè àwọn ará Ghana, ló sábà fi ń dá a lóhùn.

Mísbáù ò kàwé jìnnà. Bàbá rẹ̀ kú, ó sì kúrò nílé ìwé lọ kọ́ṣẹ́. Ó ń dùn ún títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á ti ṣọ́ọ̀bù, á fọwọ́, á lọ jókòó ti Mutmainah nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Raqeebah ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ pe ẹnikẹ́ni nínú wọn lásìkò yẹn, kódà kí kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́ tutù.

Háà, ẹ ò rí tíṣà ńlá! Á wọ awò, á wúkọ́, á ní kí wọ́n pa rédíò. Ìwé kíkà ò ni wọ́n lára. Ìṣirò ló kù díẹ̀ káàtó.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fún Mutmainah ní 6 + 4 × 2.

“Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè níṣẹ́?” ni Mísbáù wí. “Mẹ́fà àti mẹ́rin, mẹ́wàá. Mẹ́wàá lọ́nà méjì, ogún. Kọ ogún.”

“Bàbá, Màdáàmù ní ìlọ́po la máa kọ́kọ́...”

“Ta ló wà níwájú? Níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ trotro, ṣé kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé ni? Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kọ ogún, jàre.”

Ọmọ kọ ogún. Kí ni kó ṣe? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ kì í wojú bàbá rẹ̀ kó ní ohun tó sọ ò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó dé ilé ìwé láàárọ̀, kí aago tó lù, ó fi rọ́bà pa ogún rẹ́. Mẹ́rin lọ́nà méjì, mẹ́jọ. Mẹ́fà lé e, mẹ́rìnlá. Ó kọ mẹ́rìnlá. Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Mísbáù a rí àmì pupa tí tíṣà fi sí i pé ó gbà á, kì í tilẹ̀ wo iye tó wà níbẹ̀.

“Ṣé o rí i?” á ní. “Bàbá ẹ ò kàwé, àmọ́ orí ẹ̀ pé!”

Mutmainah a rẹ́rìn-ín, a kó ìwé rẹ̀ sápò. Ó fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó yẹn gan-an, kò sì fẹ́ bà á jẹ́.

Ìgbà tó yá ni Màdáàmù Afua, tíṣà wọn, kéde pé ọmọ kan ṣoṣo ni yóò ṣojú kíláàsì wọn níbi ìdíje ìṣirò pẹ̀lú àwọn ilé ìwé mìíràn. Ọjọ́ tí àwọn òbí bá wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn lòun yóò mú un, níṣojú gbogbo wọn. Mutmainah ò gbádùn oúnjẹ mọ́. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó èyí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Mísbáù wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú pátápátá. Àwọn ọmọ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń já bọ́, títí ó fi ku Mutmainah àti Yusif. Yusif ṣi tirẹ̀. Tí Mutmainah bá gba èyí tó kàn, òun ni wọ́n mú.

Màdáàmù kọ 5 + 3 × 4 sójú pátákó.

Mutmainah mú ṣọ́ọ̀kì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń mi orí sí i, tó ń fi ẹnu ṣírò: márùn-ún àti mẹ́ta, mẹ́jọ... Ọmọ náà kọjú sí pátákó padà. Ó kọ méjìlélọ́gbọ̀n.

Mísbáù pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pa á.

“Mutmainah, kí ló ṣe ẹ́?” ni Màdáàmù Afua wí. “Ìwọ tó o máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn yòókù! O ò ṣi irú èyí rí láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ìlọ́po la kọ́kọ́ ń ṣe.”

Ọmọ náà wolẹ̀.

Ara Mísbáù bù máṣọ. Ó wo pátákó, ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n! Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kójú má baà ti òun ni. Ojú ti Mísbáù lóòótọ́, àmọ́ àánú ọmọ rẹ̀ ló ṣe é jù, omi lé ròrò sí i lójú. Yusif sì ti ń bọ̀ níwájú láti tún gbìyànjú.

Mísbáù dìde. “Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́,” ló fi Tíwì wí, kí gbogbo òbí lè gbọ́. “Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òun mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Màdáàmù wò ó títí, ó ní kí Yusif dúró ná, ó ní kí Mutmainah tún un ṣe. Ọmọ náà ò mira. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.

“Mutmainah,” ni Mísbáù wí, Yorùbá ló sọ wàyí. “Kí o lè mọ ohun tí èmi ò mọ̀ ni mo ṣe ń rán àga. Ṣe é bí o ṣe mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.”

Mutmainah kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíláàsì, ti òun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. “Ẹ má bínú, Bàbá,” ló wí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu méjìlélọ́gbọ̀n kúrò, ó kọ mẹ́tàdínlógún.