Ọkọ̀ Kejì

Òórùn epo bẹntiróòlù tó dà pọ̀ mọ́ ti ẹja yíyan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó rí omi rárá. Kùrukùru bo ọ̀sà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo wọ ṣòkòtò kakí tuntun, a sì fẹ́ sọdá láti abúlé wa lọ sí Ẹ̀pẹ́, láti lọ forúkọ mi sílẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ni. Bí aago méjì bá ti lù, ọ̀gá ilé-ìwé yóò pa ìwé rẹ̀ dé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ gba orí kọjá kan etí kejì kí wọ́n tó gbà á. Bàbá Sàlámì, atukọ̀ wa, wò mí tòkè-tilẹ̀. "Ìwọ tí irùngbọ̀n fẹ́ máa hù yìí, kíláàsì kìíní lò ń lọ? Ọwọ́ tìẹ á kọjá etí, á kan èjìká!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Sàlámì, ẹ máa tukọ̀ yín. Ẹni tó pẹ́ dé náà dé."

Ní abúlé wa, ọmọ ìyá kan náà kì í wọ ọkọ̀ kan. Kí wọ́n tó bí mi, omi ti kó odidi ìdílé kan tó wà nínú ọkọ̀ kan lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ti ń pín ọmọ wọn bí wọ́n bá fẹ́ sọdá. Nítorí náà, èmi wọ ọkọ̀ kìíní pẹ̀lú Ìyá Rísí, aládùúgbò wa. Ìyá mi àti Bọ́sẹ̀, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ ọkọ̀ kejì. Kí a tó ṣí, ìyá mi sọ ohun tó máa ń sọ ní gbogbo ìgbà: "Ẹni tó bá gúnlẹ̀, kó máa rìn."

Bàbá Sàlámì fún Ìyá Rísí ní agolo àti ṣíbí kó máa lù ú, kí ọkọ̀ mìíràn má baà kọlù wá nínú kùrukùru. Lẹ́yìn wa, mo ń gbọ́ agolo ọkọ̀ kejì. Mo ń kà á lọ́kàn. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo wo Ìyá Rísí. Òun náà ti dáwọ́ dúró, ó ń tẹ́tí.

"Kò sí nǹkan," ó ní. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ṣùgbọ́n ó ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A gúnlẹ̀. Kùrukùru ká, oòrùn yọ, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Bàbá Sàlámì da ọkọ̀ rẹ̀ padà láti lọ wá wọn, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyá Rísí ní, "Jẹ́ ká lọ, ọmọ mi. Ìyá ẹ á bá wa níbẹ̀." Mo di òpó èbúté mú. Ó fà mí, ó bẹ̀ mí, ó pè mí ní olórí kunkun. Aago méjì kọjá. Ó jókòó tì mí, ó tú àkàrà tó dì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí n tó gbọ́ agolo. Bàbá Sàlámì ló ń fi okùn wọ́ wọn bọ̀. Ẹ́ńjìnnì wọn ló kú, omi sì gbé wọn wọ inú koríko. Bọ́sẹ̀ ń sùn lẹ́yìn ìyá mi. Mo sáré wọnú omi lọ bá wọn tòun ti kakí tuntun.

Ìyá mi gbá mi mọ́ra, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi Ìyá Rísí pé, "Ṣé wọ́n gbà á?" Ìyá Rísí mi orí. Ìyá mi tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi.

"Kí ọ̀kan lè dé ọ̀hún ni mo ṣe pín yín," ó ní. "Ìwọ wá dúró."

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí kí n tó jókòó ní kíláàsì kìíní.

Mo ti lé ní àádọ́ta dáadáa báyìí. Òkè òkun ni mo wà: Morrow ni mo ń gbé, Union City tó wà nítòsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́ta. Àwòrán erékùṣù ilẹ̀ Gíríìkì tó gé láti inú ìwé ìròyìn, níbi tó ní a jọ máa lọ, ṣì wà lára fíríìjì. Mọ́tò rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń tan án, tí màá jókòó sínú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, tí màá sì pa á.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ mi, Dọlá àti Fẹ́mi, wá sọ fún mi pé a máa lọ sí erékùṣù inú àwòrán náà, àwa mẹ́ta. Ferry, ọkọ̀ ojú omi ńlá, ló ń gbé èèyàn láti erékùṣù kan dé èkejì níbẹ̀. Mo ní kí Dọlá wọ ọ̀kan, kí Fẹ́mi wọ èyí tó tẹ̀lé e.

"Ah, Daddy! Ferry yẹn tóbi ju church wa lọ," Dọlá sọ. "Mọ́tò gan-an ń wọ inú ẹ̀."

Fẹ́mi ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Daddy? Ta lẹ máa bá lọ? Àbí ẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó di òpó mú lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn tó ń dúró dè. Èmi mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn mọ́, mo sì di òpó mú fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ náà sàn jù mí lọ.

Mo ní kí Dọlá ra tíkẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mi ò tan mọ́tò náà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Fẹ́mi lọ́wọ́.