Ẹni Tó Ń Kú Kì í Gba Ìkíni

Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá dá Bàbá Léopold dúró lórí afárá Akpakpa ní Cotonou, òkú ni wọ́n rò pé ó gbé. Ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́zém, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ó sì fi ọ̀já so arúgbó kan mọ́ àárín àwọn méjèèjì. Arúgbó náà dé fìlà, ó wọ dàńṣíkí, orí rẹ̀ sì ń mì sọ́tùn-ún sósì.

"Papa, ta lèyí?" ni ọlọ́pàá bi í.

"Ó ti kú," ni Bàbá Léopold dáhùn. "Ojoojúmọ́ ló ń kú. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Ọlọ́zém, tó ti rò látilé pé bàbá náà ń sùn ni, bẹ́ sílẹ̀, ó ń pe Jésù. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀ fọwọ́ kan òkú, ó rí i pé rọ́bà ni. Ẹlòmíràn ì bá tọrọ àforíjì kó máa lọ. Bàbá Léopold kọ̀. Ó tẹ́ ọkùnrin rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní kí ọlọ́pàá kúnlẹ̀ kó fi bí wọ́n ṣe ń jí ọkàn tó dákẹ́ han òun. Ọlọ́pàá bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Papa, ẹ má bínú o, mo fẹ́ fọwọ́ kàn yín láyà."

"O ń kí i!" ni Bàbá Léopold pariwo, tí gbogbo ọkọ̀ fi dúró. "Ọkùnrin ń kú lọ, o ń kí i! Ẹni tó ń kú kì í gba ìkíni!"

Akọ̀wé ni Léopold Adéníyì nígbà ayé rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò kó ẹrù jáde ní èbúté Cotonou. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ mọ ohun tí àwa ọlọ́gbọ́n máa ń ṣe bí ènìyàn bá ṣubú. A ó da omi lù ú, a ó máa pe orúkọ rẹ̀, ẹnìkan á sáré wá ṣíbí tí yóò fi la eyín rẹ̀, ẹlòmíràn á máa bèèrè ohun tó jẹ lánàá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tú táì ọ̀gá? Ta ni yóò gbé ọwọ́ lé ọ̀gá láyà? Táì náà wà lọ́rùn rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sí mọ́ṣúárì.

Ọ̀rọ̀ yìí bí Bàbá Léopold nínú débi pé ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi rọ́bà inú táyà, fóòmù àti sípíríngì ìjókòó alùpùpù ṣe ọkùnrin tirẹ̀, ó sì fi fìlà ara rẹ̀ dé e. Bí o bá tẹ àyà náà wọlé bó ṣe yẹ, á dún kọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tìkọ̀tìkọ̀, á dákẹ́, Bàbá Léopold ni kò ní dákẹ́.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń kọ́ àwọn aládùúgbò níwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Olókùú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá, nítorí ẹ̀pà àti gààrí tó ń fún wọn. Àlejò tí ẹ̀pà ń pè! Ó mọ̀ wọ́n dáadáa, èébú ló sì fi ń san án fún wọn.

"Ikùn lò ń tẹ̀ yẹn. Ṣé ebi ló pa á ni?"

"Na apá ẹ! Ṣé aṣọ lò ń fọ̀ ni?"

Steve, olórí akọrin ìjọ, fẹ́ máa fi orin ìyìn tẹ̀ ẹ́. Bàbá Léopold wò ó títí. "Bó o bá fi orin yìí tẹ̀ ẹ́, á ti dé ọ̀run kó o tó dé ègbè. Àárín àyà gan-an, ọwọ́ kan lórí èkejì. Tẹ̀ ẹ́ wọlé, yára, jẹ́ kí àyà gbéra kó o tó tún tẹ̀ ẹ́, má dáwọ́ dúró títí pọ́ńpìyé, àwọn panápaná tó ń gbé aláìsàn, á fi dé."

Ẹni tó ń dùn ún jù ni Fọláṣadé, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọmọ Kétu tí wọ́n kọ́ nílé ni. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ rẹ̀, kì í jókòó sórí àga rẹ̀, kò sì jẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ láé. Apá rẹ̀ le, ó mọ àyà tẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí fìlà bàbá lórí rọ́bà, á kọ́kọ́ kí i ná.

"Fọláṣadé," ni bàbá á sọ, "ẹ̀kọ́ ilé ẹ ni yóò pa mí."

Kò fi ṣeré. Dókítà ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, Fọláṣadé nìkan ló sì máa ń wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án.

Bàbá Léopold ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń bú ẹnìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sáré dé. Kí ni wọ́n mú wá? Omi ni, àti ṣíbí! Fọláṣadé já wọn kọjá, ó gbọn èjìká bàbá, kò dáhùn, kò mí. Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ là láti kí i bó ṣe máa ń kí i. Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ló kígbe:

"Léopold!"

Garawa bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìyàwó ilé pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, gbangba, lójú ọ̀sán! Fọláṣadé ò wo ẹnikẹ́ni. Ó fa dàńṣíkí ya, ó na apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Ẹ pe pọ́ńpìyé! Ta ló gbé omi yẹn wá? Ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni? Steve, gbà á, ó ti rẹ̀ mí. Má kọrin!"

Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ pọ́ńpìyé fi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ta ọkàn náà jí.

Nígbà tí bàbá lajú nílé ìwòsàn, Fọláṣadé ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí orúkọ tó pè àti egungun ìhà tó ṣẹ́. Bàbá wò ó.

"Ìgúnpá ẹ ò nà dáadáa," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò tí kò rojọ́ fún. "Ó pè mí ní Léopold! Bíi pé èmi àti ẹ̀ jọ lọ sílé ìwé!" Bó ṣe ń sọ ọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ojú oorun ló kú sí lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀ mọ́, ara ti tutù. Àwọn aládùúgbò ní ṣe ló fara pamọ́ kú, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì sunkún. Ó dun gbogbo wọn, àní àwọn tó ń torí ẹ̀pà wá pàápàá.

Níbi ìsìnkú, wọ́n gbé ọkùnrin rọ́bà jókòó níwájú, pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Fọláṣadé rìn lọ sídìí pósí, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Steve fi rọra fọwọ́ kàn án léjìká pé kó dìde.

"Fi mí sílẹ̀," ló wí. Ó tẹ orí ba. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Lónìí, mo ráyè kí yín."