Yìnyín Tó Mọ Ojúlé

Ní Peckham, ní London níbí, bí yìnyín bá já, gbogbo wa ló máa ń já lù. Á bo Rye Lane, á bo pápá Peckham Rye, ẹni tó bá sì gba Lewisham lọ á bá a níbẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti di ẹrọ̀fọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo mọ yìnyín.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, nọ́ọ̀sì ni, gúúsù ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, nítòsí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Erie. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin náà ń gbé ìlú yẹn, àmọ́ àríwá ni tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ mi dé sí nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún, ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí ló sì kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Nígbà tí ọkùnrin náà wá kú lóṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ta ló yẹ kó tètè dé ibi àdúà ọjọ́ kẹjọ bí kò ṣe ọmọ mi?

Lọ́jọ́ àdúà yẹn, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wa. Mo ń wọn léèsì fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó pè mí.

"Mummy, mi ò ní lè lọ mọ́ o. Snow ti bẹ̀rẹ̀. It's the lake."

"Báwo ni adágún ṣe di snow?"

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní atẹ́gùn tútù ló máa ń gba orí omi tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ kọjá, á fa ọ̀rinrin rẹ̀ mọ́ra, tó bá ti gúnlẹ̀, á dà á sílẹ̀ ní yìnyín. Apá ibi tí atẹ́gùn bá kọrí sí nìkan ló ń dà á sí. "Ibi tí mo wà yìí, snowbelt ni wọ́n ń pè é, Mummy. Ọ̀dọ̀ Aunty ò sí nínú ẹ̀. Kò sí ẹni tó fa ìlà sílẹ̀ o, but everybody knows."

Mo gbà á gbọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mo gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi fídíò ránṣẹ́. Títì gbẹ táútáú, oòrùn ń ràn. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn: "Ìyàwó wa, bá mi wò ó. Ibo ni snow wà? Ẹni tó gba ọmọ rẹ sílé ló kú yìí o."

Ara mi gbóná. Bàbá ọmọ yìí ti ṣaláìsí. Tó bá ṣìwà hù, wọ́n á ní èmi ni mi ò kọ́ ọ. Ìtìjú yẹn di mí létí, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi mọ́. Mo pè é padà lójú oníbàárà, mo figbe bọnu.

"Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa! Snow tìẹ wá mọ ojúlé? Ó mọ ilé ẹ, kò mọ ilé Aunty ẹ? Irọ́ lò ń pa fún mi. Wọṣọ, kó o máa lọ!"

Ó ní, "Okay, Mummy. Ẹ má bínú."

Ó lọ lóòótọ́. Ní aago mẹ́rin wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè pé àwọn ò tíì rí i. Ní aago márùn-ún, wọ́n ti ṣàdúà tán. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè dúró de bọ́ọ̀sì, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Mo jókòó sórí ẹní ìrun, ìrun ò ṣeé kí. Apá kejì òwe tí mo fi na ọmọ mi ni mo ń gbọ́: ẹni eji rí.

Ìṣáà ti kọjá kó tó pè, láti inú ọkọ̀ àwọn panápaná. Yìnyín ti bo mọ́tò rẹ̀ dé ojú fèrèsé, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi hú u jáde. Ó ní láti ibẹ̀ dé ibi tí títì ti gbẹ, kò ju máìlì méjì lọ. Mo bú sẹ́kún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè ohunkóhun, fọ́tò á ti wọlé: fèrèsé rẹ̀, yìnyín níta, aago lára ògiri kí n lè rí i pé ti òní ni. Lánàá, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun ni, fọ́tò ló kọ́kọ́ dé. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Mo gbà ẹ́ gbọ́, ọmọ mi. Má fi ránṣẹ́ mọ́."

Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ma."

Láàárọ̀ yìí, òmíràn tún wọlé.