Ibi Tí Fọláránmi Kò Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sí

Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn Táíwò Road lọ́dún 1973, tí ẹ sì béèrè Fọláránmi, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i. Ẹ kàn máa wo tábìlì tó gùn jù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ife tíì lé. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí ẹ̀rín rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to àwòrán tí wọ́n fi bààlúù yà. Bààlúù náà á fò lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, á máa ya ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ bó ṣe ń lọ, á yípo, á tún padà. Gbogbo àwòrán tó bá yà ní lílọ kan ni wọ́n ń pè ní ìlà kan, nọ́ńbà kékeré sì wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fọláránmi á tò wọ́n sórí pátákó, etí èyí lórí etí ìyẹn, á wá fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà wọn sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí ẹni tó bá ń wá abúlé kan lè mọ àwòrán tó yẹ kó fà jáde nínú àpótí. Ìwé atọ́ka ni wọ́n ń pe bébà yìí. Bí kò bá sí i, àwọn àpótí tó kún yàrá náà kò wúlò fún ohunkóhun ju kí ekùté máa sùn sínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Fọláránmi mọ iṣẹ́ náà. Ohun tó ń bíni nínú sí i ni pé ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Nísàlẹ̀ ìwé atọ́ka kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún, àlàfo méjì wà: èkíní fún orúkọ ẹni tó to àwòrán, èkejì fún orúkọ ẹni tó fi tàdáwà tẹ̀ lé pẹ́ńsùlù rẹ̀. Fọláránmi kì í kọ nǹkan kan sí èkíní. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ṣé ẹlòmíràn tún wà tó ń tò ó ni?" Lójú tirẹ̀, àwọn tí ayé kò mọ̀ ló ń kọ orúkọ. Gbogbo ìwé atọ́ka tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, òfìfo ni àlàfo àkọ́kọ́ wọn.

Salimat ló ń kọ tirẹ̀ sí èkejì. Ọmọ Àlùfáà Abdulmumini ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn Ọjà Ọba. Nínú ilé wọn, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó máa ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, baba rẹ̀ sì rò ó síwá rò ó sẹ́yìn kó tó gbà. Ọdún kan kò tíì pé tó débẹ̀, wọn kò sì tíì fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì gún. Kódà Fọláránmi, tí kì í yin ènìyàn, ti sọ lẹ́ẹ̀kan pé kò burú.

Òun náà ló kọ́ ọ ní òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé òjìji gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹni tó ń wo àwòrán. Bí a bá gbé àwòrán méjì tó tẹ̀ lé ara wọn sábẹ́ awò olójú méjì tí wọ́n ní, ilẹ̀ á dìde, òkè á yọ, kòtò á jìn, bí ẹni pé èèyàn wà lójú sánmà. Ṣùgbọ́n bí òjìji igi bá ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni, ojú á tan ni jẹ: òkè á di kòtò, odò á máa ṣàn lórí òkè. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni wọ́n ya àwọn àwòrán wọ̀nyí, oòrùn wà lápá gúúsù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ríran dáadáa ní láti dorí gbogbo ìlà náà kodò. Bó bá sì wò ó tán, ó gbọ́dọ̀ yí i padà kó tó kọ nọ́ńbà kankan. "Wò ó, yí i padà, kó o tó kọ ọ́." Báyìí ni Fọláránmi ṣe máa ń sọ ọ́ fún Salimat.

Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1974, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn abúlé ń dúró de ìwé atọ́ka kan, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa wá gbà á. Fọláránmi ti dorí ìlà keje kodò, ó ń wò ó lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é pé àlejò dé, kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ fún wọn. Ó fi wákàtí kan ṣàlàyé. Wọ́n yìn ín, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n tún béèrè bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń jẹ́. Nígbà tó fi máa padà sídìí tábìlì, orí rẹ̀ ti wú. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ nọ́ńbà ìlà keje láti orí dé ìdí. Kò yí i padà. Ohun tó wà ní ìlà-oòrùn bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, ti ìwọ̀-oòrùn náà sì lọ rọ́pò rẹ̀.

Salimat ló rí i. Ó ti bu tàdáwà sí kálàmù rẹ̀ kó tó dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "odò tó ń ti ìlà kẹfà bọ̀ kò wọ ìlà keje. Ó dé etí àwòrán, ó parẹ́. Ṣé kì í ṣe pé a dorí rẹ̀ kodò láti wò ó ni, tí a ò tíì yí i padà?"

Kò sọ pé "ẹ ò yí i padà." Ó ní "a ò tíì yí i padà," kí ẹ̀bi náà lè kan òun náà. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń ya máàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti gbórí sókè, Fọláránmi sì rí wọn.

"Salimat, ìgbà wo lo mọ odò?" ó dáhùn. "Ohun tí mo bá kọ ni kí o tẹ̀ lé."

Àwọn méjì náà rẹ́rìn-ín. Salimat ní, "Ó dáa, sà," ó sì fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí tí gbogbo èèyàn ti lọ, Fọláránmi fa pátákó náà mọ́ra, ó sì dorí bo awò. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Kò tilẹ̀ nílò awò kó tó rí i. Ooru mú un láti ẹ̀yìn ọrùn dé etí. Láti tún un ṣe, ó ní láti fi abẹ fá gbogbo tàdáwà orí ìlà náà, iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan, ó sì ní láti sọ fún Salimat lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín pé òun ló jàre. Tàdáwà rọrùn láti fá, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò rọrùn láti sọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé igbó lásán ló pọ̀ nínú ìlà keje, ta ló máa wá nǹkan débẹ̀? Ó kó àwòrán náà sínú àpótí, ó bò ó, ó sì gba ilé lọ.

Àwọn oníkànga wá nǹkan débẹ̀. Wọ́n rí àwòrán kan nínú ìlà keje tí òrùlé inú rẹ̀ tó ọgọ́ta, wọ́n wo ìwé atọ́ka, ó júwe apá ìlà-oòrùn fún wọn. Àjèjì ni wọ́n, wọn kò sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí máàpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í béèrè ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi katakátá la igbó, nígbà tí wọ́n sì dé ibẹ̀, igi emi àti ẹtù ni wọ́n bá. Bùdó Onígbá, abúlé tó ni ọgọ́ta òrùlé náà, wà lódìkejì pátápátá. Kí wọ́n tó mọ ibi tí àṣìṣe ti wá, oṣù Épírì ti dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ wọn kò sì lè kọjá nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin Bùdó Onígbá sì tún gbé ìkòkò wọn, wọ́n padà sí ojú ọ̀nà odò tó jìn.

Ọ̀gá àgbà tó mọ Fọláránmi dáadáa ti lọ sí Kàdúná nígbà náà. Ẹni tuntun ni Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí tó dípò rẹ̀, ohun tó bá sì wà nínú ìwé nìkan ló gbà gbọ́. Ó tẹ́ ìwé atọ́ka náà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó fi ìka tọ́ igun ìsàlẹ̀.

"Orúkọ kan ṣoṣo ni mo rí níbí," ó ní. "Salimat, ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni mo fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́, sà," Salimat wí. Ó wá wo Fọláránmi, ó sì ń retí.

"Fọláránmi, ìwọ lo ń bójú tó yàrá yìí. Kí lo rí sí i?"

Fọláránmi wo àlàfo òfìfo náà. "Lẹ́tà rẹ̀ ni, sà," ó ní. "Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fọláránmi wà lọ́jà, òun fúnra rẹ̀ ló sì wọ́ orí náà. Àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wolẹ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá tíì fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, lẹ́tà kan ti tó láti lé e. Lọ́jọ́ kẹta, Salimat kó kálàmù àti rúlà rẹ̀ sínú àpò, ó kúnlẹ̀ kí Fọláránmi pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti Fọláránmi, kì í ṣe ìtìjú ọjọ́ kan. Bó bá fẹ́ lọ sí Ọjà Ọba, á dé ìdajì ọ̀nà, á padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ń ka Àdúrà Olúwa, tí wọ́n dé ibi ìdáríjì, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀. Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ibà ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin náà sì ń se àgbo fún ohun tí àgbo kò lè wò.

Ní oṣù Júláì, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nídìí Post Office nígbà tí bàbá arúgbó kan dá a dúró. Àlùfáà Abdulmumini ni.

"Ẹ̀yin lọ̀gá Fọláránmi, àbí? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín hàn mí ni." Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Salimat sọ gbogbo bí ẹ ṣe bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Ó ní ẹ bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́ ni. Ẹ kì í ṣe ìbátan wa, ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa. Ọlọ́hun á san yín ní ẹ̀san rere. Mi ò kírun àsùbáà kan kí n má dárúkọ yín."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Fọláránmi rí i lọ́jọ́ náà pé ìyìn tí kò tọ́ síni burú ju méjèèjì lọ.

Ọ́fíìsì ló gbà lọ tààrà. Ó fa ìwé atọ́ka náà yọ, ó bu tàdáwà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àlàfo àkọ́kọ́. Lẹ́tà náà kò dára tó ti Salimat. Ó gbé e lọ síwájú Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí, ó ní òun ni òun tò ó, pé òun gbàgbé láti yí i padà ni, ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀. Kò jẹ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tó padà dorí bo awò.

Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí kò pariwo. Ó gba ìtọ́jú yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà tí yóò pe Salimat padà sẹ́nu iṣẹ́. "Ìwọ lo máa gbé e lọ," ó sọ.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn Ọjà Ọba, Àlùfáà jókòó lórí awọ àgùntàn, àwọn ọmọ kéwú yí i ká pẹ̀lú wàláà wọn. Ó ti ń yọ̀ mọ́ ọn láti òkèèrè. Salimat jáde wá, ó kúnlẹ̀, ó gba lẹ́tà náà, ó kà á. Fọláránmi ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé òun lòun ṣàṣìṣe, pé ìgbàgbé ni.

"Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé," Àlùfáà wí, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Ọlọ́hun nìkan ni kì í gbàgbé."

Salimat ká lẹ́tà náà. "Ọ̀gá," ó ní, "ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ odò yẹn, ṣé ẹ padà wò ó?"

Ó lè sọ pé rárá. Ọ̀nà là sílẹ̀ fún un, bàbá náà sì ti dárí jì í. Ó wo ojú ọmọ náà.

"Mo wò ó," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni. Mo rí i pé òótọ́ lo sọ, mo sì fi pa mọ́."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlùfáà.

"Mo mọ̀," Salimat wí. "Mo gbàgbé ìborùn mi, mo padà wá mú un. Mo rí yín láti ojú fèrèsé nídìí awò."

"O mọ̀?" Fọláránmi béèrè. "Kí ló wá dé tí o fi sọ fún baba pé mo bẹ̀bẹ̀ fún ẹ?"

"Mo rò pé ẹ máa bẹ̀bẹ̀ ni. Mo ní ojú ló ń tì yín, pé tó bá dọ̀la ẹ máa lọ sọ ọ́. Mo wá tètè sọ ọ́ fún baba, kí inú má baà bí wọn sí yín kó tó dọ̀la."

Ọ̀la náà gba oṣù mẹ́ta. Fọláránmi ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ fún ọmọbìnrin tí àbúrò òun pàápàá fi ọdún márùn-ún jù lọ. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí kí Àlùfáà ní kó dìde. Àlùfáà Abdulmumini kò sọ nǹkan kan.