Ohùn Tí Bátìrì Tó Ti Rẹ̀ Gbà Sílẹ̀

Rẹ̀kọ́dà tí mo ní bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Bọ́tìnnì márùn-ún wà níwájú rẹ̀, máìkì kékeré kan wà ní igun rẹ̀, bátìrì ńlá mẹ́rin sì ń sùn sínú ikùn rẹ̀ ní méjì-méjì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní iṣẹ́ rẹ̀. Orí tábìlì wa ní Òkókómàíkò ni mo ti ń tú u títí ó fi yé mi. Bí mo bá ti ń yọ síkúrù rẹ̀ ni mo ń tò wọ́n sínú ọmọrí ìkòkò Màámi, kí n lè mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn kí ilẹ̀ ṣú, kó tún mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ọgọ́ta ìṣẹ́jú nìkan ni mo ń lò, nítorí ọ̀já inú ti àádọ́rùn-ún fẹ́lẹ́ jù, rọ́bà tó ń fà á máa ń gbé e mì. Òwú tí mo tì bọ sípíríìtì ni mo fi ń nu ẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin kékeré tí ọ̀já náà ń fara ra kọjá. Ọ̀já fúnra rẹ̀ kò ju ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin kùn lára. Ẹ́ẹ̀dì á máa tẹ ohùn mọ́ ìyẹ̀fun yẹn bó ṣe ń rìn lọ. Bí ọ̀já bá rìn nígbà tí a ń gbọ́ ọ bó ṣe rìn nígbà tí a ń gbà á, ohùn ẹni á jáde bí ohùn ẹni. Bó bá lọ́ra nígbà tí a ń gbà á, tó wá yára nígbà tí a ń gbọ́ ọ, ohùn àgbà á di ti ọmọdé. Mo mọ èyí dáadáa. Mo ti fi ìka dí i lọ́wọ́ rí láti fi pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín.

Ìjọ aláṣọ funfun kan wà lẹ́yìn ilé wa, Màámi ló ń dá orin níbẹ̀. Bó bá gbóhùn sókè, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lójú títì á mọ̀ pé ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi kà á sí nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. A ní ìṣọ́ òru ló fà á. Ó lá oyin, ó jẹ orógbó, ó ń há sí i. Nígbà tí a ó fi dé ọsibítù ńlá, dókítà ní nǹkan ti hù síbi tí ohùn ti ń jáde, wọ́n sì máa gé ibẹ̀ kúrò pátápátá. Màámi máa yè. Ihò tí wọ́n bá dá sí i lọ́rùn ni yóò máa fi mí. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nílé tiwa, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá máa jáde lọ sílé ọkọ, á kúnlẹ̀ fún ìyá tó bí i, ìyá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á wúre fún un. Bàbá lè wúre, ẹbí lè wúre, ti ìyá ni ọmọ fi ń jáde. Bàbá wa sì ti kú tipẹ́.

Bí a ṣe ti ọsibítù dé, àbúrò mi bú sẹ́kún.

"Ta ló kú?" Màámi bi í. "Ṣé ojú mi ni wọ́n fẹ́ yọ, tí mi ò ní rí ọ mọ́?" Ó kọjú sí mi. "Ìwọ onírẹ̀kọ́dà. Gbogbo síkúrù tó ti gún mi lẹ́sẹ̀ nínú ilé yìí, ó yẹ kí wọ́n ṣe mí lóore wàyí. Ire tí mo fẹ́ sú fún àbúrò rẹ, jẹ́ kí n sú u kalẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń gbọ́ràn."

"Màámi, ṣé téèpù ló máa wá súre fún mi?"

"Téèpù kọ́, èmi ni. Ṣé òun gbọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n kò gbà kí a ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ó ní ire tí ọmọ máa gbé lọ sílé ọkọ, òun gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ sí i. Báyìí ló ṣe di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n ní kó wá wọ wọ́ọ̀dù. Mo ti ra bátìrì tuntun mẹ́rin ní Ìyànà Ìbà, mo kì wọ́n sínú ẹ̀rọ láàárọ̀, mo wá lọ sí Àjàǹgbàdì lọ wá kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba nǹkan sí rí. Nígbà tí mo dé, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Mo gbé ẹ̀rọ sórí ìrọ̀rí, kí gbígbọ̀n ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀ má baà wọ inú máìkì. Wẹ́dà kan sì ń jó irin nítòsí. Àṣà rẹ̀kọ́dà mi ni pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á na etí, á lọ mú ariwo ọ̀nà jíjìn wá. Mo lọ bẹ wẹ́dà náà pé kó dáwọ́ dúró díẹ̀.

"Tó bá jẹ́ tìẹ ni, mi ò ní dúró," ó wí, ó sì bọ́ ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀. "Ti Màámi ni mo gbà."

Agogo ìjọ lù bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì. Màámi dúró kí ó tán, ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, ilé tí ò ń lọ, kó gbà ọ́. Kí ọbẹ̀ rẹ má jóná lójú àlejò. Bí ọkọ rẹ bá bínú, kí ìbínú rẹ̀ má pàdé tìrẹ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó korò tí mo jẹ, kí o má bá a nínú àwo tìrẹ."

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn náà há, ó ń fọ́ níbi kan, ó ń dì níbi kan, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Íàpíìsì wà létí mi ní gbogbo àkókò yẹn, mo sì ń gbọ́ ọ gaara. Ṣùgbọ́n ẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní. Òun ló ń gbà, òun náà ló ń sọ jáde, kò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ohun tí ò ń gbọ́ nígbà tí ò ń gba ohùn, láti ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ti ń bọ̀, kì í ṣe láti ara ọ̀já. Nítorí náà, nígbà tí Màámi parí, mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ohùn Màámi jáde bí ohùn Màámi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi bí akèrègbè tó sán."

Mo ṣẹ́ etí ike méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e láé.

Màámi ti padà wálé, gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi bo ihò náà ti wà lọ́rùn rẹ̀, kí n tó tún fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà. Iná ìjọba dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ki wáyà bọ ògiri, mo fi íàpíìsì sétí, mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Agogo ìjọ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lù, ó dún bí agogo kẹ̀kẹ́. Ohùn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Bó ṣe ń lọ ló ń yára sí i, tó ń tín-ín-rín sí i, títí ó fi di igbe ẹyẹ.

Mo ṣí ikùn ẹ̀rọ. Bátìrì tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tí mo rà. Wọ́n ti wú, ojú eyín sì wà lára wọn.

"Màámi ló pààrọ̀ wọn," àbúrò mi wí. "Nígbà tí ẹ lọ sí Àjàǹgbàdì ni. Wọ́n ní àwọn tuntun máa wúlò fún tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń gbé lọ sí wọ́ọ̀dù, torí iná máa ń lọ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n sá sórí páànù ti gbóná dáadáa."

Ta ni kì í sá bátìrì sóòrùn nígbà náà? Gbogbo àdúgbò ló ń sá a bí ẹni ń sá èlùbọ́. A tún máa ń fi eyín tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ń jí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jí i bí aláìsàn ṣe ń jí: á dìde jókòó, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún dùbúlẹ̀. Fún rédíò, kò burú, ohùn á kàn máa lọọlẹ̀ ni. Fún rẹ̀kọ́dà, ìrìn ẹ̀ńjìnnì ló ń kú lọ, ọ̀já á máa wọ́ ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Ìdí tó fi dára nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn. Bátìrì tó rẹ̀ yẹn kan náà ló tún ń yí i, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bákan náà.

Mi ò sọ fún Màámi. Kí ni mo fẹ́ kó fi dá mi lóhùn?

Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì rẹ̀kọ́dà tí síkúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ lè wọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èèyàn ń yí láti mú kí ìrìn náà yára tàbí kó rọra. Mo fi agogo ìjọ ṣe òdiwọ̀n, torí agogo kì í ṣàìsàn. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, mo ń yí i, títí agogo inú kásẹ́ẹ̀tì fi bá ti ìta mu. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jáde, Màámi ni! Ṣùgbọ́n ibi agogo nìkan ni mo tún ṣe. Bátìrì kò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló ń rẹ̀ lọ. Mo ní láti máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, kí rẹ̀kọ́dà kejì tí mo yá sì máa gba ẹ̀dà. Bí mo bá yí i jù, Màámi á di ọkùnrin. Bí mi ò bá yí i tó, á di ọmọdé. Láàárín méjèèjì, ó ń gbọ̀n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kadà. Níkẹyìn, ojú ihò náà jẹ, síkúrúdíráfà kò rí nǹkan dì mú mọ́.

Mo gbé e lọ sí Alábà. Ará Ìjẹ̀bú kan tó ń tún rẹ̀kọ́dà ṣe lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yín rèé? Ó mọ ìwúre o! Ìyá àgbà ló tún ayé wá."

"Ìyá mi ni, ọ̀gá. Wọ́n ti gé ibi tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀."

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ẹ má bínú." Ó fi ẹ̀ńjìnnì mìíràn sí i, kò kánjú, ó yí i títí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fi jáde bó ṣe yẹ. Ó tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ lè rí i. Ìparí ńkọ́? Níbi tí ọ̀já ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ọ̀rọ̀ ti gun ara wọn lórí. Ẹ ò lè sọ ògì tó ti di ẹ̀kọ di àgbàdo."

Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ọ̀já tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kì í gba ìró tó mú sílẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n ki aṣọ bọ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, òun máa wúre náà.

"Ẹ máa wúre, sà," àbúrò mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n ohùn Màámi ni mo fẹ́ fi jáde." Ó yí sí mi. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó ti dára?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ dára."

"Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ fún mi nígbà náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé ẹ̀rọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Àbúrò mi kúnlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Agogo lù. *Ọmọ mi, ilé tí ò ń lọ, kó gbà ọ́.* Ojú gbogbo ilé yí sí Màámi, àfi bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Kò pẹ́. Níbi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, nígbà tó fi máa kan ìbínú ọkọ, ó ti di ọmọdé. Mo na ọwọ́ láti pa á. Àbúrò mi mi orí sí mi pé kí n fi í sílẹ̀, bóyá ó máa padà. Èmi mọ̀ pé kò ní padà.

Màámi kò tíì tún gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà láti ọjọ́ tó ti wọ wọ́ọ̀dù. Ó wo ẹ̀rọ náà pẹ́. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí ohùn ti ń jáde, bí a ṣe ń bo ọmọ lẹ́nu níwájú àlejò. Mo pa á.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àbúrò mi lórí, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò sí ìró kankan, àfi èémí tó ń fẹ́ gọ́ọ̀sì ọrùn rẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Gbogbo wa tẹrí ba, a dijú, a ń retí ibi tí a ó ti ṣe àmín, kò sì sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n Màámi rò pé ó ti parí. Ó ní, "Àmín." Gbogbo wa wí i tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo lajú, ètè Màámi ṣì ń mì. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ kúrò lórí àbúrò mi, tó ti ń dìde.